Kásẹ́ẹ̀tì Ìparí Ọdún Tí Bàbá Tíṣà Fi Ránṣẹ́

Bàbá tó bí bàbá mi kú ní Ẹ̀pẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún 2009. Wọ́n kírun àsùbáà tán, wọ́n ní kí wọ́n bá wọn po ògì gbígbóná. Kí ògì náà tó tutù, wọ́n ti lọ. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n. Àìsàn ò dá wọn dùbúlẹ̀, wọn ò sì ni ẹnikẹ́ni lára. A sunkún, a sì dúpẹ́.

Nígbà tí a ń gba àwọn tó wá kí wa, oríṣiríṣi èèyàn ló dìde sọ̀rọ̀ nípa wọn. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú sọ pé wọn ò fẹ́ràn ìmẹ́lẹ́. Lèmọ́mù sọ pé wọn kì í fi ìrun falẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ó ń ṣe mí bíi pé ẹni tí wọ́n ń ròyìn yẹn kì í bínú, kì í sunkún, kì í bá ọmọ rẹ̀ jà. Bàbá tèmi bínú. Wọ́n sunkún. Wọ́n sì bá ọmọ wọn jà fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé yìí.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, ilé tí wọ́n kọ́ sínú ẹ̀sìtéètì kan ní Ìkòròdú ni wọ́n sì bí mi sí. Dádì mi ń ṣiṣẹ́ ní Lagos Island. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n á ti wọ bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wọn, mo sì ti máa ń sùn kí wọ́n tó dé. Nítorí náà, Bàbá Tíṣà ló mú mi lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, àwọn náà ló sì kọ́ mi pé èèyàn kì í wọ ilé onílé kó má kí ẹni tó bá níbẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́.

Bíírò pupa kì í kúrò nínú àpò wọn. Tí wọ́n bá ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n á máa fa ìlà sí ibi tí akọ̀ròyìn ti ṣì í kọ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n bá fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ tún un ṣe kí wọ́n tó wo ọjọ́ tí ìgbéyàwó bọ́ sí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí wọn nígbà tí wọ́n dé ìlú Òyìnbó, wọ́n dá a padà sí mi nínú àpòòwé. Gbogbo ojú ìwé náà ti pọ́n kankan. Wọ́n fún mi ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, wọ́n sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé kí n tún un kọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo sunkún, mo ní mi ò kọ̀wé sí wọn mọ́ láé. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí Dádì gbé fóònù fún mi.

"Àjíkẹ́," oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí, "ṣé o rí i pé mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó o kọ, mi ò fo ọ̀kankan?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ló ń ka ìwé rẹ̀ tán."

Ọjọ́ kejì ni mo tún lẹ́tà náà kọ.

Ikú Màmá Àgbà, ìyàwó wọn, ló lé wọn kúrò nílé. Kí Màmá Àgbà tó kú, tí Bàbá Tíṣà bá rí ohun tó dùn nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á ti máa kà á bọ̀ láti yàrá: "Ìyá Mọ́ṣúúdù, gbọ́ nǹkan!" Màmá Àgbà, tí wọ́n ń fi orúkọ Dádì mi pè, á máa dáhùn láti ilé ìdáná. Lẹ́yìn tí wọ́n sin Màmá Àgbà, ẹsẹ̀ wọn ò tètè gbàgbé ọ̀nà yẹn. Mo rí wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n gbé ìwé ìròyìn lọ́wọ́, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á yí padà sí yàrá. Nígbà tí Àǹtí Síkírá, àbúrò Dádì mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan nítòsí Manchester, wá sílé tí wọ́n sì rí èyí, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìwé ìrìnnà. Oṣù mẹ́ta ni Bàbá Tíṣà sọ pé àwọn fẹ́ lò.

Ẹni kan ò gbà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Tíṣà obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, ti ń ta ẹja ní ọjà Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó bí Dádì mi. Nígbà tí ìrìn àjò ku ọjọ́ méjì, wọ́n dé Ìkòròdú pẹ̀lú agbọ̀n ẹja gbígbẹ kan. Wọn ò jókòó.

"Ìyàwó rẹ kú, o wá fẹ́ fi èmi náà sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Àwa méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù mẹ́ta péré ni."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri níbi tí bàtà Bàbá Tíṣà máa ń wà. "Bàtà rẹ dà?"

Bàbá Tíṣà bojú wolẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n pín bàtà wọn fún àwọn aládùúgbò, tí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ méjì péré kù.

"Ẹni tó ń lọ fún oṣù mẹ́ta," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí, "kì í fi bàtà rẹ̀ tọrẹ." Wọ́n gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀, wọ́n sì jáde.

Oṣù mẹ́ta di ọdún márùn-ún.

Ní gbogbo ọdún márùn-ún yẹn, Bàbá Tíṣà ń pè wá lórí fóònù, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ràn fóònù. Wọ́n ní èèyàn kì í rí ọ̀rọ̀ sọ parí níbẹ̀, àwọn ọmọ á máa dá wọn lọ́rọ̀ lẹ́nu. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ràn. Tó bá ti di ìparí ọdún, wọ́n á jókòó ti rédíò Àǹtí Síkírá, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ojú méjèèjì, wọ́n á sì fi í rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni a máa ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn ìrun àsárì, lábẹ́ òrùlé páànù tí Dádì ń gbé mọ́tò sí. Mọ́mì á dín pọ́fupọ́ọ̀fù. Dádì á ra bátìrì tuntun, nítorí a ò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé iná ìjọba lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò á gbé bẹ́ǹṣì wọn wá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, àti àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

"Asàlámú àlékúmù, ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìkòròdú. Ẹ jókòó dáadáa. Mọ́ṣúúdù, sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn kí wọ́n sún mọ́ iwájú."

Àwọn tó wà lẹ́yìn á sì gbé bẹ́ǹṣì wọn sún mọ́ iwájú! Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ohùn Bàbá Tíṣà á sì dúró díẹ̀ bíi pé wọ́n mọ̀ pé a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wá to ọ̀rọ̀ ọdún náà bí ẹni ń kọ́ ọmọ níwèé. Ìlera ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ojú ọjọ́, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n kọ́ lọ́dún náà, lẹ́yìn náà àwọn tó kú. Ọpẹ́ ló ń gbẹ̀yìn. Wọ́n á dárúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ọdún àkọ́kọ́ àti ti ọdún kejì dùn bí oyin. Wọ́n sọ̀rọ̀ yìnyín tó ń já bọ́ bí òwú, bọ́ọ̀sì tó ń dé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ògiri, dókítà tó tọ́jú ojú wọn tí kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ń jókòó sí iwájú jù ni Bùọ̀dá Gbénga. Wọ́n wá láti Ìkirè, wọ́n ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ìwé aládàáni kan, wọ́n sì háyà yàrá méjì lẹ́yìn ilé wa. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá parí, Bùọ̀dá Gbénga á ní kí a dá ibi bọ́ọ̀sì yẹn padà, kí àwọn tún un gbọ́.

Nínú ọdún kẹta, Bùọ̀dá Gbénga bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ní Ìkirè, kí wọ́n lè fi ìyẹn rìnrìn àjò. Wọ́n ti rí oníbàárà. Ìyá wọn tó jẹ́ opó ń sunkún, àmọ́ wọ́n ní ẹni tó ti gbọ́ ohùn Bàbá Tíṣà ò lè jókòó sí Ìkòròdú máa gbé ṣọ́ọ̀kì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà mi sí Bàbá Tíṣà. Mi ò ní èrò kankan lọ́kàn. Ìròyìn àdúgbò ni mo kà á sí, bí ẹni ń ṣòfófó lásán. Wọ́n fún mi ní máàkì méje. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa Bùọ̀dá Gbénga.

Nígbà tó di ìparí ọdún 2004, a tún pé jọ. Ohùn Bàbá Tíṣà jáde, àmọ́ wọn ò pe ẹnikẹ́ni sún mọ́ iwájú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Ara mi le. Ṣùgbọ́n kí n tó ka ọpẹ́ ti ọdún yìí, ó yẹ kí n tún ti ọdún méjì tó kọjá ṣe. Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín, òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Tí ọmọ ilé ìwé bá dáhùn ìdajì ìbéèrè, èmi kì í fún un ní gbogbo máàkì.

"Nígbà tí mo dé ibí, Síkírá àti ọkọ rẹ̀ á jáde ní agogo méje, àwọn ọmọ wọn á lọ sí ilé ìwé. Ó máa ń di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí n tó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi. Màá jókòó sí ojú fèrèsé, màá máa ka mọ́tò. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wà nílé, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí ẹkún mi má bàa ta sí wọn létí, mo sì sunkún bí ọmọdé. Mo lọ wá iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n fún mi ní tíì. Wọ́n ní rárá.

"Iṣẹ́ tí mo wá rí nìyí. Ilé ìwé àwọn ọmọdé kan wà ní àdúgbò wa, mọ́tò sì máa ń sáré níwájú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù yẹ́lò kan tó gùn dé orúnkún, àti ọ̀pá gígùn tó ní irin roboto lórí. Láàárọ̀ tí àwọn ọmọ bá ń lọ, àti lọ́sàn-án tí wọ́n bá ń bọ̀, èmi ni mo ń bọ́ sí àárín títì. Màá gbé ọ̀pá sókè, mọ́tò á dúró, àwọn ọmọ á sọdá. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọdún tó kọjá. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe ọ̀gá ilé ìwé, mo ń dá mọ́tò dúró nínú òjò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan ṣí gíláàsì mọ́tò rẹ̀, ó ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Mo gbé ọ̀pá náà sókè títí gbogbo ọmọ fi sọdá tán, kí n tó ní kó máa lọ.

"Ẹ má ṣe káàánú mi o. Ibi ọpẹ́ ló kù. Kò sí ọmọ kan tí mọ́tò fara kàn lójú mi. Láràárọ̀ mo ń gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ọmọ tó lé ní ogójì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó pè é dáadáa. Inú mi dùn. Ìgbéraga tí mo gbé bọ̀ láti ilé, òtútù ti gbà á lọ́wọ́ mi, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá, ẹ wá. Àmọ́ ẹ má ṣe ta ohun tẹ́ ò lè rà padà nítorí ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo sọ."

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà àtijọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá wa ti di ọlọ́pàá ojú pópó!"

Dádì dìde, wọ́n pa rédíò. A ò tíì dé ibi tí Bàbá Tíṣà ti ń dárúkọ èèyàn. Pọ́fupọ́ọ̀fù wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án mọ́. Bùọ̀dá Gbénga dìde láti iwájú. Ojú wọn ti pọ́n.

"Wọ́n ti wọlé tán," ni wọ́n wí, "wọ́n wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa tó kù níta."

Mo sá wọ inú ilé. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ọdún tuntun, Dádì pe ìlú Òyìnbó. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dádì ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé? Ẹ ò ṣe sọ ọ́ fún èmi nìkan? Ẹ ti dójú tì wá." Mi ò gbọ́ ohun tí Bàbá Tíṣà fi dáhùn. Dádì ló sọ ọ́ fún Mọ́mì lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìbínú: "Wọ́n ní ojú ò ti àwọn tí àwọn ń ṣe é. Wọ́n ní kí n wádìí ohun tó ń tì mí lójú."

Láti ọjọ́ yẹn, Dádì ò pe Bàbá Tíṣà mọ́. Tí fóònù bá dún, wọ́n á gbé e fún Mọ́mì.

Bùọ̀dá Gbénga ní tiwọn ò bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Tíṣà pè, wọ́n ní kí Mọ́mì gbé fóònù lọ fún wọn lẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ kí Bùọ̀dá Gbénga tó sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi. Bàbá Tíṣà ní: "Gbénga, tí mo bá ní kó o má wá, onírọ́ ni mí, torí èmi náà ò tíì padà. Tó o bá ń bọ̀, mọ ibi tó ò ń bọ̀, sì jẹ́ kí ilé wà níbi tó o ti kúrò." Bùọ̀dá Gbénga ò ta ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2006, wọ́n rí ààyè láti lọ kàwé sí i ní ìlú Òyìnbó, wọ́n lọ, wọ́n ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí bí wọ́n ti ń kàwé, wọ́n sì mọ̀ kí wọ́n tó lọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Nígbà tí Bàbá Tíṣà fi máa kú, ilé kékeré kan ti wà lórí ilẹ̀ Ìkirè náà. Ìyá wọn ló ń gbé ibẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ọdún 2005 dé, àmọ́ Dádì ò pe ẹnikẹ́ni jọ. Inú ilé ìdáná ni èmi àti Mọ́mì ti gbọ́ ọ, ohùn rédíò ò sì ròkè. Nígbà tí Bàbá Tíṣà dé ibi ọpẹ́, wọ́n dárúkọ Dádì ṣáájú gbogbo èèyàn, wọ́n sì dúpẹ́ pé ọmọ àwọn kò ṣe àgàbàgebè, pé nígbà tí inú bí i, ó jẹ́ kí àwọn mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé: "Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Ó rán mi létí pé mo ní ibi tí mo ti wá." Mọ́mì pa iná sítóòfù, wọ́n fi ìborùn nu ojú.

Bí ìjà náà ṣe parí, ẹnu Dádì ni mo ti gbọ́ ọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, ibi iṣẹ́ wọn rán wọn lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gba àyè ọjọ́ kan, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí Síkírá ti fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì ilé ìwé náà tipẹ́tipẹ́. Ọ̀sán ni wọ́n dé ibẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ń jáde bọ̀.

"Mo dúró sí òdìkejì títì," ni Dádì wí fún wa nídìí oúnjẹ nígbà tí wọ́n padà dé. "Bàbá ò rí mi. Wọ́n ti gbó díẹ̀ sí i. Ọmọ kan ya ẹnu, ó fi ibi tí eyín rẹ̀ ti ká hàn wọ́n. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó fínnífínní bíi dókítà. Fìlà ọmọ mìíràn já bọ́ sójú títì. Bàbá lọ mú un, gbogbo mọ́tò sì ń dúró dè wọ́n. Ẹ gbọ́, mo rí bí wọ́n ṣe ń rìn ní ilé ìwé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ìrìn kan náà ni. Ṣé ohun tí mo ní ó ń tì mí lójú nìyí?"

Dádì lọ tò sẹ́yìn àwọn ọmọ tó fẹ́ sọdá. Bàbá Tíṣà yíjú, wọ́n rí ọmọ wọn, àgbàlagbà onírùngbọ̀n, láàárín àwọn ọmọdé. Wọ́n bọ́ sí àárín títì, wọ́n gbé ọ̀pá sókè. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan dúró. Dádì sọdá. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ni Bàbá sọ?" ni Mọ́mì béèrè.

"Wọ́n ní, 'Dìde, Mọ́ṣúúdù, dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ ṣì ń bọ̀.'"

Ìparí ọdún 2007 ni Bàbá Tíṣà padà wálé. Orúnkún ń dùn wọ́n. Àǹtí Síkírá bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní rárá, pé ìlú náà ṣe wọ́n lóore, pé èèyàn kì í sì í dúró dìgbà tí àlejò bá sú onílé. Wọn ò sùn ní Ìkòròdú ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n ní kí Dádì gbé àwọn lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ilé bàbá wọn, níbi tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń gbé. Mo bá wọn lọ.

Ní gbogbo ọdún márùn-ún, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kankan. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò lè ṣojú àbúrò àwọn. Ìta ni wọ́n jókòó sí nígbà tí a dé. Wọn ò dìde.

"O pẹ́ dé."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oṣù mẹ́ta."

"Ẹ má bínú."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. "Wo ọrùn rẹ. Ṣé wọn kì í jẹun níbẹ̀ ni?" Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja òbòkún jáde. Orí ẹja náà odindi wà nínú àwo. Wọ́n gbé e síwájú Bàbá Tíṣà, wọ́n sì kọjú sí ọ̀sà. Bàbá Tíṣà jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ egungun orí ẹja náà sí wẹ́wẹ́. Ìgbà tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ yíjú padà tí wọ́n rí àwo tó ṣófo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún. "Tó o bá kú síbẹ̀ ńkọ́?" ni wọ́n ń wí. "Tó o bá kú síbẹ̀ ńkọ́?" Bàbá Tíṣà súnra sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n fi èdè Ẹ̀pẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di àsárì. Díẹ̀ ló yé mi níbẹ̀.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n jọ gbé. Bàbá Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé lábẹ́ ìlóró ilé, wọn ò gba nǹkan kan. Ìyá Ẹ̀pẹ́ á máa pariwo pé ariwo àwọn ọmọ náà pọ̀ jù, àwọn náà ló sì máa ń bu omi mímu fún wọn.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2008, gbogbo wa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa gbọ́ ìròyìn ọdún lẹ́nu Bàbá Tíṣà fúnra wọn. Wọ́n wọ agbádá funfun kan tó ti tóbi jù fún wọn. Wọ́n sọ ti ìlera, wọ́n sọ ti ojú ọjọ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń já lu gbogbo rẹ̀: "Òjò yẹn kọ́ ló wó ògiri, ògiri yẹn ti là tẹ́lẹ̀!" Bàbá Tíṣà á dúró, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kan ọpẹ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì, lọ́wọ́ Mọ́mì, lọ́wọ́ Àǹtí Síkírá tó wà lókèèrè, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Mo rò pé wọ́n ti parí. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Àjíkẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mi ò rí ìròyìn àdúgbò nínú lẹ́tà rẹ mọ́. O ń kọ ti ilé ìwé, o ń kọ ti ìlera, o ò kọ ti èèyàn. Mo mọ ìdí rẹ̀. O rò pé ìwọ lo dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá rẹ."

Mi ò lè gbé ojú sókè. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Dádì yí ojú wò mí. Àwọn náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Mo ti ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn kiri tipẹ́," ni Bàbá Tíṣà wí. "Ó ń wúwo sí mi lọ́rùn. Mi ò rí ìgboyà láti sọ ìyókù. Lẹ́tà rẹ ló fún mi nígboyà. Tí kì í bá ṣe tìrẹ ni, ọmọ ọlọ́mọ ì bá ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí mi, èmi náà ì bá sì ti kú bí onírọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi."

Wọ́n fi ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún inú mi, àmọ́ ohun kan ṣoṣo tó jáde ni "Ẹ ṣé, Bàbá." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, Ìyá Ẹ̀pẹ́ sì ní kí a wá jẹun kí oúnjẹ má tutù.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ. Èyí tí mi ò rí sọ lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo kọ yìí.